Nítorí Ike Ojú Iná Kan, Kí N Da Gbogbo Omi Nù?

Inú ń bí mi. Ẹni tó jókòó sí ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe hot tub, ìyẹn agbada ńlá tí ènìyàn ń jókòó sínú omi gbígbóná rẹ̀, tó ní kí wọ́n gbé ìdí iná sí ibi tí ọwọ́ ènìyàn kò lè dé, mo fẹ́ kó jáde wá sọ ìdí tó fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Iná ìsàlẹ̀ hot tub ilé wa, nítòsí Chicago níbí, ló bàjẹ́. Kì í ṣe pé gílóòbù ló jó o. Ike tó mọ́ gaara tó bo gílóòbù lójú ló sán, omi gba ibẹ̀ wọlé, gbogbo irin ìdí wáyà sì ti dípẹtà. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún mi pé ìṣòro olówó nìyí. A bá a nínú ilé nígbà tí a rà á ni, màmá mi tó ń gbé lọ́dọ̀ wa ló sì ń lò ó jù, nítorí orúnkún tó ń dùn wọ́n. Nínú oṣù Kejìlá, kó tó di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀ ti ṣú ní Chicago. Àgbàlagbà fẹ́ sọ̀kalẹ̀ sínú omi gbígbóná, wọn ò rí àtẹ̀gùn tí wọ́n fẹ́ fẹsẹ̀ lé, ẹnìkan wá ń sọ fún mi lórí fóònù pé ẹ̀ṣọ́ lásán ni iná yẹn. Ẹ̀ṣọ́ wo? Bí màmá bá yọ̀ ṣubú níbẹ̀, ṣé ẹ̀ṣọ́ la máa sọ fún dókítà?

Tó bá jẹ́ pé gílóòbù nìkan ló jó, mi ò ní pariwo. Ẹ ó pa bíréékà, ẹ ó tú pátákó ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ẹ ó yí ìdí gílóòbù, á jáde, ẹ ó fi òmíràn sí i. Omi ò ní í kán sílẹ̀, nítorí ike iwájú ló ń dá a dúró. Gílóòbù ọ̀hún kéré, iná fóltì 12 ló ń lò. Ṣùgbọ́n ike iwájú gan-an ni wàhálà. Nọ́ọ̀tì ńlá kan ni wọ́n fi dè é mọ́ ara hot tub láti ẹ̀yìn. Kí ẹ tó lè tú nọ́ọ̀tì yẹn, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fa omi gbẹ, ẹ ó wá máa gbẹ́ fóòmù, nítorí wọ́n ti fọ́n fóòmù dí gbogbo ẹ̀yìn ibẹ̀ kí ooru má baà jáde. Ẹ ò lè fi agbára gbẹ́ ẹ, torí páìpù àti wáyà wà nínú rẹ̀, ojú ò sì rí ibi tí wọ́n gbà kọjá. Ẹ dọ̀bálẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì tútù, ọ̀bẹ lọ́wọ́, tọ́ọ̀ṣì lẹ́nu, ẹ̀ ń wá nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo. Ta ló rò pé ó yẹ kó rí bẹ́ẹ̀?

Omi tí à ń sọ yìí ńkọ́? Nǹkan bí gálọ́ọ̀nù 400 ni tiwa ń gbà. Ìwọ̀n rẹ̀ ju pọ́n-ùn 3,300 lọ. Omi tí a ti sanwó rẹ̀, tí a ti da oògùn sí, tí a ti fi iná gbé dé 104 lórí òṣùwọ̀n Fahrenheit. Kí n dà á sílẹ̀ nítorí ike tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ!

Ohun tó wá ń dùn mí jù nìyí. Wọ́n mọ bí wọ́n ṣe lè ṣe é dáadáa. Ẹ wo iná inú odò ìwẹ̀ ńlá, tó ń gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún gálọ́ọ̀nù omi. Ìwé òfin iná tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà, National Electrical Code, sọ ọ́ ní apá 680 pé irú iná tí wọ́n tẹ̀ sínú ògiri odò ìwẹ̀, tí omi yí ká, gbọ́dọ̀ ṣe é yọ kúrò nínú omi. Wáyà rẹ̀ gbọ́dọ̀ gùn tó kí wọ́n lè gbé e sórí ilẹ̀ gbígbẹ láti tún un ṣe, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ náà kò sì gbọdọ̀ ní láti wọ inú omi. Wọ́n á tú síkúrúù kan, wọ́n á fa iná jáde, wọ́n á pààrọ̀ ohun tó bàjẹ́, wọ́n á dá a padà. Omi ò kúrò níbi tó wà. Èwo wá ni ti hot tub tó wà lẹ́yìn ilé mi?

Wọn ò sì lè sọ pé àwọn ò mọ̀ pé ike náà máa sán. Omi gbígbóná ń bá a jà tọ̀sán tòru, oògùn apakòkòrò ń jẹ ẹ́, oòrùn ń pa á nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ọjọ́ tí wọ́n ti fi í síbẹ̀ ni wọ́n ti mọ̀ pé á gbó. Òkèèrè là á ti í wo igi gogoro kó má baà gúnni lójú, àwọn wò ó lókèèrè, wọ́n tún kọ orí rẹ̀ sí ojú wa!

Mo ní ó dáa, ẹ ta ike iwájú nìkan fún mi. Wọn kì í tà á lọ́tọ̀. Ẹ ra gbogbo rẹ̀ lápapọ̀, ike, ìdí rẹ̀, nọ́ọ̀tì, àti wáyà. Èyí tó sì wà ní ọjà báyìí, ẹnu rẹ̀ fẹ̀ díẹ̀ ju ihò tiwa lọ. Ọkùnrin tó wá wò ó, tó gba owó wíwò kó tó tú pátákó rárá, ní òun ò ní fọwọ́ kàn án títí òtútù yóò fi lọ. Mi ò bá a wí. Òótọ́ ni pé bí omi díẹ̀ bá ṣẹ́kù sínú páìpù lásìkò yìí, yóò di yìnyín, páìpù á là. Bí a bá sì tún omi mìíràn bù, hítà oníkílówáàtì 5.5 á ṣiṣẹ́ ju wákàtí mẹ́wàá lọ kó tó gbóná padà. Ta ló máa san owó iná yẹn? Èmi náà ni.

Àwọn kan ní kí n fi sìlíkóònù, gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń dí ojú ihò, lẹ̀ ẹ́ láti inú omi. Sìlíkóònù lásán kì í sábà di ojú tó rin mú. Bó tiẹ̀ dì í mú, ṣé mo fẹ́ máa fi sìlíkóònù ṣọ́ wáyà lábẹ́ ẹsẹ̀ màmá mi?

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń ṣe é, ẹ jẹ́ kí ike náà máa tú láti iwájú. Ẹ ṣe ihò rẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà lọ́dọọdún. Ẹ gé ilẹ̀kùn kékeré sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ má fọ́n fóòmù sí i. Kí ẹ sì ta ike lọ́tọ̀ fún ẹni tí ike tirẹ̀ fọ́.