Kámẹ́rà orí íntánẹ́ẹ̀tì: ṣé yíyí password padà ti tó?

Aṣọ́bodè: Àwọn kan ń pariwo pé kí a yọ gbogbo kámẹ́rà ilé kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ti pọ̀ jù. Ẹ wo Mirai, kòkòrò kọ̀ǹpútà tó kó kámẹ́rà lọ́dún 2016: kò ní oògùn kankan lọ́wọ́. Port (ẹnu ọ̀nà orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì) 23 àti 2323 ti Telnet, ọ̀nà àtijọ́ tí a fi ń darí ẹ̀rọ látòkèèrè, ló ń kàn kiri, ó sì ń dán nǹkan bí 60 orúkọ àti password tí ilé-iṣẹ́ fi sínú ẹ̀rọ wò: admin/admin, root/123456 àti irú wọn. Ẹni tó bá ti yí password padà ti bọ́.

Ọmọ Wáyà: Ọ̀gá, kò tíì bọ́. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí Mirai kó, inú firmware, ìyẹn sọ́fítíwíà tí ilé-iṣẹ́ fi sínú ẹ̀rọ, ni password Telnet wà. Èyí tí ẹ yí padà nínú áàpù kò dé ibẹ̀ rárá. Bí ẹ bá pa ẹ̀rọ náà tí ẹ tún tàn án, Mirai á lọ, torí inú memory nìkan ló ń gbé, àmọ́ kò ní pẹ́ tí yóò fi padà dé bí port bá ṣì ṣí. Àléébù kámẹ́rà Hikvision ti ọdún 2021, CVE-2021-36260, tiẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹni tó bá ti lè dé ojú ewé ẹ̀rọ náà kò nílò password kankan kó tó di ọ̀gá inú rẹ̀.

Kọ́lá T.: Ògiri ló lanu kí aláǹgbá tó wọlé, ṣùgbọ́n ta ló la ògiri? UPnP, ètò inú router tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣí port fúnra rẹ̀, ni lọ́pọ̀ ìgbà. Kámẹ́rà á bẹ router pé kó ṣí port fún òun, router á ṣí i, onílé ò ní gbọ́. Ẹ wọ inú router, ẹ pa UPnP. Ẹ lọ sí Port Forwarding, ẹ yọ ohun tó bá wà níbẹ̀ fún port 80, 554, 8000 tàbí 37777. Kí ẹ wá fi nmap, irinṣẹ́ tó ń wá port tó ṣí, yẹ àdírẹ́sì ìta yín wò láti orí dátà fóònù. Ẹ má fi Wi-Fi ilé ṣe é o. Ohun tí router ń fi han ará ilé lè yàtọ̀ sí ohun tí ará ìta ń rí.

Ìyá Ìbejì: P2P, tó ń gba sáàfà ilé-iṣẹ́ so fóònù mọ́ kámẹ́rà, ńkọ́? Èèyàn á kàn fi fóònù ya kóòdù ara kámẹ́rà, kò sí port tó ṣí.

Ọmọ Wáyà: Ó sàn ju port lọ, mo gbà, àmọ́ kọ́kọ́rọ́ ilé ti wà lọ́wọ́ ẹlòmíì nìyẹn. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2021, Mandiant, ilé-iṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà, tú àṣírí àléébù inú Kalay, ètò P2P ti ilé-iṣẹ́ ThroughTek: ẹni tó bá mọ UID (nọ́ńbà ìdánimọ̀) kámẹ́rà lè fi ara rẹ̀ hàn sáàfà bíi pé òun ni kámẹ́rà náà, kí áàpù onílé wá gbé orúkọ àti password fún un. Nítorí náà, àwòrán sítíkà ìdí kámẹ́rà kì í ṣe ohun tí à ń gbé sórí ayélujára. Ní oṣù Kẹta ọdún yẹn kan náà, àkáǹtì alábòójútó kan ṣoṣo ni wọ́n fi rí inú kámẹ́rà ilé-iṣẹ́ Verkada tó tó 150,000.

Aṣọ́bodè: Bí olè bá wá gbé ẹ̀rọ tó ń gba fídíò sílẹ̀ lọ ńkọ́? Kílaòdù nìkan ló máa ṣẹ́ kù.

Kọ́lá T.: Ẹ tì í mọ́ yàrá míì. Kámẹ́rà mẹ́rin ní 2 Mbps, ọ̀kọ̀ọ̀kan á jẹ 21.6 GB lójúmọ́. Ọ̀sẹ̀ kan ò tó 610 GB, disk 1 TB gbà á. Ẹ kó àwọn kámẹ́rà sí VLAN (nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí a pín sọ́tọ̀) tiwọn, kí router má jẹ́ kí wọ́n jáde. Láti òde, WireGuard (VPN, ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ wọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé) lórí port UDP 51820 nìkan ni kó wọlé. Wáyà kámẹ́rà ìta tún wà níbẹ̀: ẹni tó bá yọ ọ́ tó fi í sí láptọ́ọ̀pù ti wọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín, àfi tó bá jẹ́ VLAN tí kò lọ síbi kankan ló bọ́ sí.

Ìyá Ìbejì: Ẹni tó ra kámẹ́rà kan péré ò ní ṣe VLAN, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Kó fi kámẹ́rà sórí Wi-Fi àlejò, kó tan ìfìdímúlẹ̀ ìgbésẹ̀ méjì, kó pa gbohùngbohùn, kó má sì gbé e sí yàrá ìbùsùn. Lọ́dún 2023, FTC, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà nílẹ̀ Amẹ́ríkà, fẹ̀sùn kan Ring, ilé-iṣẹ́ kámẹ́rà ilé, pé òṣìṣẹ́ ń wo fídíò oníbàárà. Password wo ló fẹ́ dá ìyẹn dúró?

Aṣọ́bodè: Ó dáa, mo gbà lórí port. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà tí ẹ dínà fún, aago rẹ̀ á máa yẹ̀.

Kọ́lá T.: Òótọ́ ni, kò ní rí NTP (iṣẹ́ tó ń tún aago ẹ̀rọ ṣe) ìta mọ́. Ẹ tan NTP sórí router tàbí NVR (ẹ̀rọ tó ń gba fídíò sílẹ̀), kí ẹ kọ àdírẹ́sì rẹ̀ sínú kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó dínà.