Àwòrán Franz Kline kì í ṣe ìkánjú

Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí àwòrán Franz Kline, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà, dúdú gbàgbà lórí funfun, á rò pé ṣe ni ọkùnrin náà ki búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà, ó fà á wìì lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó bá tirẹ̀ lọ. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ pàápàá ń sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n ní ìmọ̀lára ló ń gbé e. Irọ́ ni.

Inú ìwé nọ́ńbà tẹlifóònù ni Kline ti ń dán ọwọ́ wò. Á ya ojú ewé kan, á fa ìlà dúdú lé orúkọ ẹni ẹlẹ́ni lórí. Bébà ọ̀fẹ́ ni, owó ò sì fi bẹ́ẹ̀ sí lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà. Èyí tó bá wù ú nínú wọn ló máa ń gbé síwájú tó bá fẹ́ ya ńlá. Ẹni tó ń kánjú kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Elaine de Kooning, ayàwòrán tó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, sọ pé ọjọ́ tí Kline rí àwòrán kékeré rẹ̀ tí ẹ̀rọ tó ń tan àwòrán gbé sára ògiri, tó wá tóbi fàkìàfakia, lojú rẹ̀ là. Ìtàn náà dùn, àmọ́ ó ti jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn gbàgbé ohun tó ṣáájú. Kline ti kọ́ àwòrán yíyà ní Boston àti London. Ó ti ya èèyàn, ó ti ya ìlú, ó tiẹ̀ ti ya ògiri ilé ọtí. Nígbà tó máa kọ́kọ́ dá àfihàn ṣe ní Egan Gallery ní New York lọ́dún 1950, ó ti pé ẹni ogójì ọdún.

Ti funfun yẹn ló ń bí mi nínú jù. Wọ́n ní ó jí dúdú lórí funfun yìí lò lọ́wọ́ àwọn ará Japan tí wọ́n ń fi búrọ́ọ̀ṣì kọ̀wé. Kline fúnra rẹ̀ kọ̀ ọ́. Orí bébà funfun tó ti wà nílẹ̀ làwọn yẹn ń kọ tiwọn sí. Ní tiẹ̀, ó ní òun ń kun funfun bí òun ṣe ń kun dúdú, ọ̀kan ò sì ju èkejì lọ. Bó bá fa dúdú tán, á fi funfun gé e, dúdú á tún padà wá gorí funfun.

Bẹ́ ẹ bá dé Whitney Museum ní New York, tẹ́ ẹ bá Mahoning, tó yà lọ́dún 1956, lára ògiri, ẹ sún mọ́ ọn. Ẹ má wo àárín. Etí ìlà dúdú ni kẹ́ ẹ wò, níbi tí funfun ti gùn ún.