Marine board náà ń jẹrà o

Ẹ dé ọjà pákó Bódìjà, ẹ sọ fún ẹni tó ń ta plywood pé ìdí ọkọ̀ ojú omi lẹ fẹ́ tún ṣe. Ẹ ò ní tíì sọ̀rọ̀ tán tí yóò ti nawọ́ sí marine board: "Èyí lẹ máa lò. Omi ò lè ṣe é ní nǹkan kan." Kápẹ́ńtà ń sọ bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń pẹja ní Eléyẹlé àti Àsèjìrẹ́ ń sọ bẹ́ẹ̀, ẹni tó ra ọkọ̀ alumíníọ̀mù tòkunbọ̀ náà sì ti gbà á gbọ́ kó tó sanwó. Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ọkọ̀ alumíníọ̀mù kékeré, páànù fẹ́lẹ́ ni gbogbo ara rẹ̀, páànù fẹ́lẹ́ ò sì lè gbé ẹ́ńjìnnì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ki pákó sí ẹ̀yìn ọkọ̀, láàárín páànù méjì, kó nípọn tó íǹṣì kan àtààbọ̀. Pákó yìí ni ẹ́ńjìnnì ń dì mọ́. Ẹ́ńjìnnì 15 HP tó kéré jù lórí ìwọ̀n pàápàá lé ní kílò 30, bó bá sì ń sáré, gbogbo agbára tó fi ń ti ọkọ̀ lọ, ìdí yẹn ló ń gbà kọjá. Tí pákó bá ti rà, bóòtù onírin tó de ẹ́ńjìnnì mọ́ ọn á máa mì, páànù á máa tẹ̀, títí yóò fi sán.

Marine board tí wọ́n kó jọ gègèrè ní ọjà, tí awọ rúsúrúsú tó ń dán bo ojú rẹ̀ méjèèjì, iṣẹ́ dẹ́kìn ilé ni wọ́n ṣe é fún. Awọ yẹn wà níbẹ̀ kí kọnkéré má bàa lẹ̀ mọ́ ọn ni. Ẹ wo èyí tí bíríkìlà ti lò lẹ́ẹ̀mẹ́ta mẹ́rin: ojú rẹ̀ ṣì ń dán, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ti wú, ó ti ń ṣí ní awẹ́ awẹ́. Bíríkìlà yìí kan náà á sì tún fọwọ́ sọ̀yà pé kì í jẹrà!

Plywood tí wọ́n dìídì ṣe fún ọkọ̀ ojú omi wà lóòótọ́, èyí tó ní àmì BS 1088, ìlànà àwọn Gẹ̀ẹ́sì fún plywood ọkọ̀ ojú omi, lára. Ó dára ju ti dẹ́kìn lọ fíìfíì. Wọn kì í fi ihò sílẹ̀ nínú rẹ̀, gọ́ọ̀mù rẹ̀ kì í sì í tú kódà bí wọ́n bá sè é nínú omi híhó. Ṣùgbọ́n gọ́ọ̀mù nìyẹn. Igi tó wà láàárín gọ́ọ̀mù, igi ṣì ni. Àwọn olú tín-ín-tìn-ìn-tín tó ń jẹ igi ò béèrè irú gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́. Ọ̀rinrin, afẹ́fẹ́ àti ooru ni wọ́n ń wá, Ìbàdàn sì ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ṣìnà jù nìyí: wọ́n rò pé omi odò ló ń ba pákó yìí jẹ́. Omi òjò ni. Igi tó rì sínú omi pátápátá kì í rí afẹ́fẹ́ tó, nítorí náà kì í tètè rà. Omi tó níyọ̀ náà máa ń dí àwọn olú yẹn lọ́wọ́, ìyẹn ni ará Èkó tó ń wa ọkọ̀ létí òkun fi lè búra pé tòun pẹ́. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó wà lórí tirélà nínú ọgbà ní Ìbàdàn, tí òjò ń rọ̀ lé láti oṣù kẹta títí di oṣù kẹwàá, omi á gba orí pákó àti ihò bóòtù wọlé. Páànù ti bò ó níwájú lẹ́yìn, omi ò ríbi jáde, ara pákó ò sì gbẹ. Kódà páànù gan-an ò ní bọ́ níbẹ̀: alumíníọ̀mù tí igi tútù fara tì fún ìgbà pípẹ́ á máa yọ ìyẹ̀fun funfun, á sì máa lu ní ihò kéékèèké.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí tirẹ̀ ṣe wà, kó tú bóòtù tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Bí omi pupa bíi omi àgbo bá sun jáde, ọ̀rọ̀ ti parí. Bí kò bá sun, ẹ fi hámà kékeré kan ìdí ọkọ̀ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ibi tó ṣì le á dún kó-kó-kó. Ibi tó ti rà á dún bù-bù, bí ẹni ń lu ìrọ̀rí. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ẹ kàn lè rọ epoxy, gọ́ọ̀mù olómi méjì tí wọ́n ń pò pọ̀ kó tó gan, sínú pákó tó ti rà. Kò lè wọ inú igi tó tutù.

Àwọn kan á ní, ẹ kúkú lo pákó tí wọ́n ti fi oògùn sí, èyí tó ní àwọ̀ ewé. Lára ọkọ̀ alumíníọ̀mù, ìyẹn tún burú ju marine board lọ. Bàbà ló wà nínú oògùn yẹn. Tí bàbà àti alumíníọ̀mù bá pàdé nínú ọ̀rinrin, alumíníọ̀mù ni yóò jẹ. Nígbà tí wọ́n dáwọ́ lílo CCA, ọ̀kan lára oògùn igi oníbàbà yìí, dúró fún iṣẹ́ ilé ní Amẹ́ríkà ní ìparí 2003, oògùn ACQ tó wà lára àwọn tó rọ́pò rẹ̀ tún wá ní bàbà jù ú lọ. Ìrókò ńkọ́? Kì í tètè rà, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n pákó kan ṣoṣo máa ń là, ó sì wúwo.

Ohun tó ń dáàbò bo pákó ìdí ọkọ̀ ni bí wọ́n ṣe dí i. Plywood 18 mm méjì tí gọ́ọ̀mù rẹ̀ kì í yọ́ nínú omi, tí ẹ fi epoxy lẹ̀ pọ̀, ti tó. Ẹ má lo gọ́ọ̀mù funfun kápẹ́ńtà. Lẹ́yìn náà, ẹ fi epoxy kun gbogbo ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ti etí pọ̀ jù, torí etí ló ń mu omi. Ihò bóòtù ni iṣẹ́ gan-an. Ẹ lu ihò náà kó tóbi ju bóòtù lọ, ẹ rọ epoxy kún un, ẹ jẹ́ kó gan, kí ẹ tó wá lu ihò tó ṣe déédéé bóòtù sáàárín rẹ̀. Bí omi bá tilẹ̀ wọlé lọ́jọ́ kan, epoxy ló máa bá, kò ní kan igi. Kí bóòtù jẹ́ stainless, kí ẹ sì fi polyurethane, gọ́ọ̀mù tó ń dí omi, sábẹ́ orí rẹ̀. Silicone àwọn oníwíńdò tó ń rùn bíi fínígà, ásíìdì inú rẹ̀ lè jẹ páànù.

Bí ẹ bá ti lo ọkọ̀ tán, ẹ yọ pọ́lọ́ọ̀gù ìdí rẹ̀ kí omi inú rẹ̀ lè jáde, ẹ gbé imú ọkọ̀ ga ju ìdí lọ lórí tirélà, kí ẹ sì fi tapólì bò ó.