Owó oṣù tuntun kò dé ọ̀dọ̀ aláròóbọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin oníròyìn. Ẹ kọ ọ́ pé owó oṣù tó kéré jù, tí wọ́n gbé láti 30,000 náírà sí 70,000 ní oṣù Keje ọdún 2024, yóò dín ìṣẹ́ kù nílẹ̀ yìí. Ó dáa fún ẹni tó ń gbowó oṣù. Àmọ́ òfin náà fúnra rẹ̀ yọ ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀. Télọ̀ àti ọmọṣẹ́ rẹ̀, ọlọ́kadà, màmá aláta, owó yẹn kò kàn wọ́n. Ọ̀wọ́ngógó tó tẹ̀lé yíyọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023 ló kàn wọ́n.

Èyí tó dùn mí jù ni pé tálákà gan-an lọjà wọ́n fún jù. Olówó á gbé odidi àpò ìrẹsì lẹ́ẹ̀kan. Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta á ra ààbọ̀ kóńgò lónìí, á tún padà wá lọ́túnla. Ẹ ṣírò rẹ̀ títí àpò kan á fi pé, ẹ ó rí i pé owó tirẹ̀ ju ti olówó lọ. Tó bá fẹ́ yáwó ra àpò ńkọ́? Báńkì á béèrè ìwé ilé, ló bá di ọ̀dọ̀ àwọn ayánilówó tí wọ́n ń pè ní gbọ́múlé-láńtà, tí wọ́n ń gbowó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ọjà tà, ọjà ò tà.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù inú ọjà ló yẹ kí ìjọba ìpínlẹ̀ kówó fún, kí wọ́n lè jọ rajà pọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa bi àwọn gómìnà léèrè rẹ̀.