Ẹ Yé Ba Ajá Mi Lórúkọ Jẹ́

Ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa ní Tanke ti kọ ìwé sí mi. Wọ́n ní kí n wá ibi gbé "ajá apànìyàn" mi lọ kí oṣù yìí tó parí. Apànìyàn! Ajá tí adìyẹ aládùúgbò ń bá jẹun nínú àwo kan náà tí kò kùn mọ́ ọn, tí ọmọ mi obìnrin ń gbé orí lé bí ó bá ń ka ìwé, òun ni ó wá di apànìyàn, nítorí pé ó dúdú, orí rẹ̀ tóbi, ó sì jẹ́ irú ajá ńlá tí wọ́n ń pè ní Rottweiler.

Ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, nítorí pé bí wọ́n ti ń sọ ọ́ ní ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí kọ́ ni ó rí. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta, bàbá kan tí òun náà wà nínú ẹgbẹ́ yìí ṣí géètì mi wọlé láìkanlẹ̀kùn, láìkí ẹnikẹ́ni, láìwo pátákó ìkìlọ̀ tí mo fi ọ̀dà pupa kọ. Ní Ìlọrin o! Ìlú tí a ti ń ké Àlùkùránì tọ̀sán-tòru, tí kò sì sí ẹni tí kò mọ̀ pé orí 24, ẹsẹ 27, ní kí á má wọ ilé onílé láìtọrọ àyè kí á sì kí àwọn ará ilé. Jẹ́jẹ́, ajá mi, ń sùn lábẹ́ igi máńgòrò, ọmọ mi kékeré sì ń fi omi ṣeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Ajá náà dìde. Kò gbó, kò sáré, kò fi eyín hàn. Ó rìn wá sí àárín ọmọ àti àlejò, ó dúró, ó sì ń wo bàbá náà lójú. Gbogbo ohun tí ó ṣe kò ju èyíinì lọ.

Bàbá pariwo, ó ń fi ẹ̀yìn rìn, bàtà rẹ̀ ẹsẹ̀ kan yọ, ó sì ré sínú gọ́tà tí kò ní ìdérí níwájú ilé. (Gọ́tà yìí kan náà ni ẹgbẹ́ gba owó lọ́wọ́ wa láti bò, tí a kò tíì rí ẹyọ àpò sìmẹ́ńtì kan di òní olónìí.) Ajá náà kò kọjá ẹnu géètì. Ó gbóòórùn bàtà tí bàbá fi sílẹ̀, ó fi ẹnu gbé e, ó gbé e wá fún mi láìsí ojú eyín kan lára awọ rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìròyìn ti délé dóko pé ajá ti fa àgbàlagbà ya. Wọ́n fi báńdéèjì di orúnkún tí kọnkéré gọ́tà bó, wọ́n sì kó ìwé owó oògùn wá bá mi. Mo ní kí a tú báńdéèjì náà kí gbogbo wa jọ wo ojú eyín. Wọ́n ní mo ń bá àgbà jiyàn. Bí wọ́n bá gbàgbọ́ lóòótọ́ pé ajá bù ú jẹ, ṣé kẹ́mísì ni wọn ìbá gbé e lọ? Wọn ìbá ti fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí wọ́n sì sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn fún abẹ́rẹ́ tí ń dènà dìgbòlugi. Oògùn ara ríro ni wọ́n rà fún un.

Ohun tí ó ń dùn mí jù ni pé kò sí ẹni tí ó bèèrè irú ẹ̀dá tí ajá yìí jẹ́. Ìlú Rottweil ní ilẹ̀ Jámánì ni ó ti gba orúkọ. Àwọn alápatà ni wọ́n ń lò ó láyé àtijọ́ láti da màlúù, tí wọ́n sì ń so kẹ̀kẹ́ ẹran mọ́ ọn kí ó máa fà. Ṣé ajá tí inú ń bí lásán ni alápatà yóò fi da màlúù rẹ̀? Ẹ lọ bi àwọn alápatà ọjà Ìpàtà níbí bí wọ́n bá lè gba irú ajá oníbìínú bẹ́ẹ̀ láàyè láàárín ẹran wọn. Ní ìwọ̀n ọdún 1910 ni àwọn ọlọ́pàá Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, nítorí pé ó ń gbọ́ àṣẹ, ó sì máa ń wò kí ó tó ṣe. Ìlànà tí àwọn tí ń sin ín fi ń dá a mọ̀ sọ ọ́ ní gbangba pé onínúure ni, oníwà pẹ̀lẹ́, tí ó fẹ́ràn ọmọdé. Bẹ́ẹ̀ ni, akọ rẹ̀ ń wọn nǹkan bíi kílò 50, ó sì yẹ kí a kọ́ ọ láti kékeré. N kò pè é ní ológbò. Ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ́ràn ẹ, yóò fi gbogbo ara tì ọ́ lẹ́sẹ̀, ẹ̀yin yóò ní ó fẹ́ gbé yín ṣubú. Bí mo bá ń họ ẹ̀yìn etí rẹ̀, ohùn kan a máa dún nísàlẹ̀ ọ̀fun rẹ̀ nítorí ìgbádùn, ẹ̀yin yóò ní ó ń bínú.

Àwọn tí ń so ajá mọ́ ṣéènì láti àárọ̀ dé alẹ́, tí wọ́n ń po ẹ̀tù ìbọn mọ́ oúnjẹ rẹ̀ kí ó lè le, tí wọ́n ń já ọmọ ajá gbà lẹ́nu ọmú kí ó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, àwọn ni ń sọ ajá di ìkà. Àwọn ọmọ yín tí ń ju òkúta gba orí fẹ́ǹsì mi wọlé ńkọ́? Ìwé mélòó ni ẹgbẹ́ ti kọ sí àwọn òbí wọn? Àwọn ajá tí ń rìn ká láìgba abẹ́rẹ́ rí, tí ń tú ilẹ̀ lójú pópó, kò sí ẹni tí ó rí wọn.

Àwọn kan tún ní ẹlẹ́gbin ni ajá. A kúkú ń tẹ̀lé mọ́súhábù Màlíkì, ọ̀kan nínú àwọn ìlànà òfin ẹ̀sìn Ìsìláàmù, ní ìlú yìí. Kí wọ́n lọ bi àáfà tí ó kàwé bóyá ajá alààyè jẹ́ ẹlẹ́gbin nínú rẹ̀.

Ìyẹn kò sì dí wọn lọ́wọ́ láti máa pè mí ní òru. Bí iná bá ti lọ, tí wọ́n bá gbọ́ pé àwọn olè wọ ọ̀nà kejì, fóònù mi yóò dún: "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti tú ajá yín sílẹ̀?" Akápò ẹgbẹ́ pàápàá ń pè.

Ó dára. Jẹ́jẹ́ yóò kúrò ní àdúgbò, ní ọjọ́ tí ẹgbẹ́ onílé bá kó alága, akápò àti gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko, kí ó gún olúkúlùkù wọn ní abẹ́rẹ́ tí ń mú ènìyàn kanlẹ̀kùn kí ó tó wọlé. Ọdọọdún ni kí wọ́n máa gbà á, bí ajá mi ti ń gba tirẹ̀, kí wọ́n sì máa mú káàdì rẹ̀ dání kí n lè yẹ̀ ẹ́ wò ní ẹnu géètì.