Ẹ Má Pè Mí Ní Lọ́yà Mọ́

Ọdún kẹta ni mo wà nínú márùn-ún tí a fi ń kọ́ ìmọ̀ òfin, àmọ́ ní àdúgbò wa ní Tanke, wọ́n ti sọ mí di lọ́yà. "Lọ́yà wa!" Ìkíni yẹn kì í ṣe lásán. Ẹjọ́ ilẹ̀ ló ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀.

Lánàá, bí mo ṣe ń ti Ọjà Ọba bọ̀, bàbá onílé wa ká mi mọ́ ẹnu géètì. Wọ́n yọ rìsíìtì kan nínú àpò, ó ti gbó débi pé ojú ibi tí wọ́n ti ká a ti ń já, epo pupa sì ti bo orúkọ ẹni tó ta ilẹ̀. Mo ní, "Bàbá, Òfin Ìlò Ilẹ̀ ọdún 1978 là ń kà lọ́wọ́, mi ò tíì ṣèdánwò ẹ̀." Wọ́n wò mí bí ẹni tó jẹ wọ́n lówó. "Kí wá lẹ ń kọ́ níbẹ̀?"

Ẹ gbọ́ ná, tí mo bá gboyè tán, Law School ṣì kù. Ìdánwò ibẹ̀ ṣì kù. Orúkọ mi gbọ́dọ̀ wọ ìwé ní Supreme Court kí n tó lè gba ẹjọ́ ẹnikẹ́ni rò. Ẹ̀wọ̀n lẹ fẹ́ kí n lọ ni?

Àwọn tó ń sọ pé iṣẹ́ irọ́ ni mò ń kọ́ ló burú jù. Nígbà tí ọlọ́pàá gba ọ̀kadà wọn lóru, ta ni wọ́n pè? Èmi onírọ́ yìí náà ni.

Ẹnì kan ti ń kanlẹ̀kùn báyìí. Rìsíìtì elépo yẹn ni.