Ẹ Má Kọ Ọ́ Sí Mi Níkọ̀kọ̀ Mọ́!

Ó ti sú mi o! Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe wà lọ́kàn mi, nítorí bí n kò bá sọ ọ́ lónìí, màá kúkú ti ẹgbẹ́ yìí pa, kálukú á sì gba ilé rẹ̀ lọ.

Ọdún kẹrin rèé tí mo dá ẹgbẹ́ kékeré kan sílẹ̀ lórí WhatsApp, fún ohun kan ṣoṣo: ká lè kó orúkọ ewé jọ bí wọ́n ṣe ń pè é láti ìlú dé ìlú, kí àwọn tó mọ̀ ọ́n tó tán nílẹ̀. A ò pọ̀, 140 ni wá. Mélòó ló ń sọ̀rọ̀? Márùn-ún. Èmi gan-an wà nínú márùn-ún ọ̀hún!

Ọ̀rọ̀ Sátidé tó kọjá ló jẹ́ kí ó kọjá ìfaradà. Mò ń ṣánko lẹ́yìnkùlé wa n'Íbàdàn, àdá yọ̀ lọ́wọ́ mi, ó gé mi lọ́rùn ẹsẹ̀. Ìyá ọkọ mi já ewé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n rún un ní àtẹ́lẹwọ́ títí omi rẹ̀ fi yọ, wọ́n fún un sójú ọgbẹ́. Ó ta mí bí ata. Kò pẹ́, ẹ̀jẹ̀ dá. Ewé tí gbogbo yín mọ̀ ni: èyí tó máa ń bo ilẹ̀ tí wọ́n bá pa tì, tí òórùn rẹ̀ máa ń ta síni nímú béèyàn bá ti rún un, tí iṣan mẹ́ta sì là á já láti ìdí lọ sí ṣóńṣó. Mo ya á ní fọ́tò, mo gbé e sáàárín ẹgbẹ́, mo ní: "Ẹ̀yin èèyàn mi, kí lẹ ń pe eléyìí nílùú yín?"

Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, mo tẹ ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ kí n wo àwọn tó ti kà á. Èèyàn 97! Mò ń fọwọ́ ti orúkọ wọn lọ sókè, kò tán. Àwọn tó fèsì: mẹ́ta. Ọ̀kan nínú mẹ́ta ọ̀hún, àwòrán àtàǹpàkò ló fi ránṣẹ́.

Ní kọ̀rọ̀ ńkọ́? Háà! Kí ilẹ̀ tó ṣú, èèyàn mẹ́sàn-án ti kọ̀wé sí èmi nìkan. Ọ̀kan ní Ewé Akíntọ́lá ni wọ́n ń pè é lọ́dọ̀ tàwọn. Òmíràn ní Ewé Awólọ́wọ̀ ni. Ìyá àgbà kan wá fi ohùn ránṣẹ́, ó tó ìṣẹ́jú mẹ́rin. Wọ́n ní ìyá tó bí àwọn kì í jẹ́ kí wọ́n pè é ní Awólọ́wọ̀ létí wọn láéláé, nítorí ewé tó ń gba oko mọ́ àgbẹ̀ lọ́wọ́ ni, kò sì yẹ kí wọ́n fi orúkọ ẹni tó jẹ́ kí ọmọ àwọn wọ ilé ẹ̀kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ ní 1955 pe irú ewé bẹ́ẹ̀. Ẹ gbọ́ nǹkan! Ewé yìí kì í tilẹ̀ ṣe ewé ilẹ̀ wa látilẹ̀wá, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá. Ìjà àwọn olóṣèlú méjèèjì bẹ́ sílẹ̀ ní 1962, wọ́n ti wà lábẹ́ ilẹ̀ tipẹ́, orúkọ wọn ṣì ń du ewé lẹ́yìnkùlé mi. Mo bẹ Ìyá pé kí wọ́n gbé ohùn náà síta kí gbogbo ẹgbẹ́ gbọ́. Wọ́n ní, "Áà, rárá o, ọmọ mi. Ẹ̀yin lẹ mọ̀wé. Má gbé e síbẹ̀ o."

Mo mọ ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù. Lọ́dún tó kọjá, obìnrin kan kọ orúkọ ewé tí wọ́n fi ń wẹ ọmọ tuntun nílùú rẹ̀, kò fi àmì ohùn sí i. Ọkùnrin kan nínú wa ta mọ́ ọn pé, "Ẹ kọ́kọ́ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ Yorùbá." Láti ọjọ́ yẹn, obìnrin náà ò sọ nǹkan kan mọ́. Ó ṣì ń kà á o, mò ń rí orúkọ rẹ̀. Ọ̀gá mi, ẹ gbọ́ o: olùkọ́ wa lẹ lé lọ! Àmì ohùn ṣe pàtàkì, èmi náà ń fi í sí i, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ewé tí kò mọ àmì wúlò fún wa ju ẹni tó mọ àmì tí kò mọ ewé lọ. Èmi náà sì jẹ̀bi. Mo rí i lọ́jọ́ náà, mo dákẹ́.

Wọ́n máa ń sọ fún mi pé bó ṣe ń rí níbi gbogbo nìyẹn. Lóòótọ́, Jakob Nielsen, onímọ̀ nípa bí èèyàn ṣe ń lo íntánẹ́ẹ̀tì, kọ ọ́ ní 2006 pé bí èèyàn 100 bá kóra jọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, 90 á máa wò, 9 á máa dá sí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹyọ 1 lá máa ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù. Ó dáa. Níbi tí èrò bá ti jẹ́ mílíọ̀nù kan, ẹyọ 1 nínú 100 jẹ́ 10,000, iṣẹ́ á máa lọ. Nínú 140 ńkọ́? Èmi àti bóyá ẹnì kan péré! Ẹnìkan kì í sì í jẹ́ àwá dé. Ẹ̀yin yìí kan náà ni, bí mo bá dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí ẹ ó máa bi mí pé, "Ṣé kò sí nǹkan? A ò gbúròó yín mọ́." Ṣé èmi náà ń gbúròó yín ni?

Àwọn tí wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kó lọ sí Brazil ò ní fóònù, wọn ò ní dátà. Títí dòní, nínú ilé òrìṣà ní Bàhíà, peregum ni wọ́n ń pe pèrègún, nítorí wọ́n ń pè é sókè, ọmọ ń gbọ́, ọmọ-ọmọ ń gbọ́. Àwa tí a wà nílé, a ń pè é sínú.

Láti ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, n kò ní fèsì sí orúkọ ewé kankan níkọ̀kọ̀ mọ́. Ẹ kọ ọ́ láìsí àmì. Ẹ fi ohùn sọ ọ́. Bí ẹ ò bá rántí orúkọ rẹ̀, ẹ sọ ibi tó máa ń hù sí àti ohun tí wọ́n fi ń ṣe. Ẹni tó bá fi ẹnikẹ́ni ṣẹ̀sín, èmi fúnra mi ni màá yọ ọ́ kúrò, ì báà jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n. Mo ti kọ̀wé sí obìnrin ewé ọmọ tuntun yẹn, mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀.

Fọ́tò Sátidé ṣì wà níbẹ̀. Ẹ̀yin 97, kí lẹ ń pè é nílùú yín?